Èlé Là Ń San, Ojú Owó Ò Dín

Fáìlì kan wà níbi iṣẹ́ wa ní Williamsville tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn tó bá ti kọjá agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ọ̀gá kọ́ ló ṣòfin rẹ̀, àwa fúnra wa la sọ ọ́ di èèwọ̀. Bí o bá ṣí i láàárọ̀, tí o tún ìlà kan ṣe nínú rẹ̀, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú tí wàá fi rí ohun tí àtúnṣe rẹ bà jẹ́. Bí o bá ṣí i nírọ̀lẹ́, ó di kí o pe ilé pé kí wọ́n má retí rẹ. Caveau là ń pè é, orúkọ tí àwọn ará Abidjan ń pe ibojì tí wọ́n fi bíríkì mọ. Itẹ́ òkú Williamsville ò jìnnà sí wa. Mo bá orúkọ náà nílẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀ lọ́dún 2014. Ẹni tó sọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ.

Àjà kejì la wà. Nísàlẹ̀, wọ́n ń ta páàtì ọkọ̀, òórùn epo dúdú a sì máa bá wa dókè. Níta, gbaka tó ń ti Adjamé lọ sí Abobo a máa sáré kọjá, ọmọ ọkọ̀ á so rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa ké "Abobo! Abobo!" títí ohùn rẹ̀ á fi há. Tó bá di ọ̀sán, a ó rọ́ lọ sídìí garba, a ó po attiéké àti ẹja díndín pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà àti ata tútù, a ó máa jiyàn lórí kóòdù bí ẹni ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Mẹ́fà ni wá. Mo fẹ́ kó hàn pé ibẹ̀ dùn, pé àwa tí mo ń sọ yìí fẹ́ràn iṣẹ́ wa.

WinDev la fi ń ṣiṣẹ́, ohun èlò tí ilé-iṣẹ́ PC SOFT ní ilẹ̀ Faransé ṣe, tó gbilẹ̀ láàárín àwa tí a wà ní apá Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní Èkó tàbí Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ní tiwa, Faransé ni: SI, ALORS, SINON, FIN. Èjìgbò ni bàbá àti ìyá mi ti wá, Adjamé ni wọ́n bí mi sí, Anango ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pe irú wa. Yorùbá ni mo fi ń ronú, Faransé ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn n ó kàn gbọ́ ohùn ara mi tí mo ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ: "Jọ̀ọ́, má ṣe báyìí. Wò ó dáadáa."

Ìwé àwìn ni ohun tí a ń ṣe. Ẹni tó bá mọ ọjà Adjamé mọ̀ pé àwìn ló gbé e ró. Àwọn tó ní ilé ìkẹ́rùsí á kó aṣọ, abọ́, ọṣẹ àti tòmátò alágolo fún àwọn tó ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn yẹn á san díẹ̀, wọn á jẹ díẹ̀, wọn á tún gba òmíràn. Ìyá mi náà ní ìwé tirẹ̀, aláwọ̀ búlúù, etí rẹ̀ ti ká, ó so ó mọ́ inú àpò owó rẹ̀. Sọ́fítíwíà wa ló gbapò irú ìwé bẹ́ẹ̀: ta ló gba kí ni, èló ló san, èló ló kù. Tí ọjọ́ ìsanwó bá pé, a ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀.

Ọ̀gá ló kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, òun nìkan, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́dún 2011. Ẹ rántí ohun tí ọdún yẹn jẹ́. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kọkànlá 2010, ènìyàn méjì ló ń pe ara wọn ní ààrẹ. Ogun wọ ìgboro Abidjan. Nínú oṣù Kejì 2011, àwọn báńkì tilẹ̀kùn. Kí ó tó rọlẹ̀ nínú oṣù Kẹrin, ó lé ní 3,000 ènìyàn tó ti kú káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ẹrù, ìwé àwìn ẹlòmíràn jóná mọ́ ọjà rẹ̀. Oníṣòwò kan wá bá ọ̀gá, ó ní kó bá òun ṣe ìwé tí iná ò ní lè jó. Kò sí àyè láti jókòó ro ohun gbogbo já. Ọ̀gá wá ohun kan tí gbogbo oníbàárà ní, tí wọn ò sì ní gbàgbé, ó rí nọ́ńbà fóònù. Ó fi nọ́ńbà fóònù ṣe orúkọ oníbàárà nínú ẹ̀rọ. Òǹkà mẹ́jọ ni nọ́ńbà ní Côte d'Ivoire nígbà náà, àyè mẹ́jọ ló sì là sílẹ̀ fún un, kò sí ìkẹsàn-án.

N kò dá a lẹ́bi nígbà náà, n kò dá a lẹ́bi lónìí. Ẹni tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀, tó yáwó ra páànù, kò ṣe ohun tó burú. Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi gbèsè ṣàpèjúwe irú kóòdù bẹ́ẹ̀ níbi àpérò OOPSLA ní 1992, nígbà tó ń ròyìn WyCash, sọ́fítíwíà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún àwọn tó ń bójú tó owó ìdókòwò. Kò bú gbèsè. Ó ní yíyá díẹ̀ máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá, bí a bá tètè padà wá tún kóòdù náà kọ. Ọ̀gá wa yá a, kò padà. Lọ́dún 2012 oníbàárà pọ̀, lọ́dún 2013 wọ́n pọ̀ sí i. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù sanwó, a sì ní láti mọ ilé-iṣẹ́ tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: 07, 08, 09 jẹ́ ti Orange, 04, 05, 06 jẹ́ ti MTN, 01, 02, 03 jẹ́ ti Moov, àti àwọn òmíràn bẹ́ẹ̀. Dípò kí a kọ àyẹ̀wò yìí síbì kan kí gbogbo iṣẹ́ máa lọ mu níbẹ̀, wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ síbi gbogbo tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Mo kà á lọ́jọ́ kan tí ọkàn mi pòrúurùu: ibi mọ́kànlélógójì.

Tí wọ́n bá mú wa lọ sí Èjìgbò fún ìsinmi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá bàbá mi a máa sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà. Bàbá wọn yá owó sìnkú, kò rí i san, ó fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Ọmọ náà á jí, á lọ sóko olóko, á kọ ebè, á roko, á ru iṣu wálé. Ohun tí kò yé mi, tí mo bi Bàbá léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ni pé gbogbo iṣẹ́ yẹn ò dín gbèsè náà kù. Èlé ni iṣẹ́ náà. Ojú owó, owó tí wọ́n yá gan-an, wà níbẹ̀ digbí. Ìbáà ṣe ọdún mẹ́wàá ló fi kọbè, ọjọ́ tí wọ́n bá kó owó wá ló tó lè kúrò.

"Ṣé ó máa ń bínú, Bàbá?"

Bàbá ní rárá. Ó ní ó kàn dákẹ́ ni.

Ọdún kẹta mi ní Williamsville ni ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Mo jí lọ́jọ́ Ajé, mo tún ohun kan ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, àtúnṣe náà ti ba òmíràn jẹ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo tún wà nídìí kan náà. Àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń pa ọkàn òṣìṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sùn sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún 2011, tó bá ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á máa tàn, nítorí pé ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ ló ń kọ́. Àwa ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ibi tí a wà láàárọ̀ náà la ṣì wà. Orí gbèsè tí a kò mọ ìgbà tí wọ́n yá a ni wọ́n fi wá sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará Abidjan fẹ́ràn: "On va gérer." A ó wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni, òun ló gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn la ogun já. Obìnrin tí wọ́n kó ọjà rẹ̀ lọ á nu ojú, á ní "on va gérer", á sì gbéra lọ wá ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀gá wa, tí a bá mú ọ̀rọ̀ Caveau lọ bá a, ńṣe ló dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì.

Lọ́dún 2016, ọmọbìnrin kan wá dara pọ̀ mọ́ wa láti Kétu ní ilẹ̀ Benin. Nàgó ni, ohùn Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Èjìgbò, àmọ́ àwa méjèèjì gbọ́ ara wa yékéyéké. Faransé ló ń bá àwọn yòókù sọ, èmi ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Kò tíì pé oṣù kan tó dé tó fi gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí oníbàárà bá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù ńkọ́?"

"A ó ṣí àkáǹtì tuntun fún un."

"Gbèsè tó wà lórí ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"A ó fọwọ́ kó o kọjá."

"Ẹ ó fọwọ́ kó o?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìwé olójú ewé mẹ́rin: bí a ó ṣe fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, tí fóònù á kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, iye ọjọ́ tó máa gbà, ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ọ̀gá kà á tán, ó yìn ín tọkàntọkàn, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ ti mọ ohun tó sọ.

Gbogbo ìgbà tí a bá yí kóòdù padà, a máa ń kọ gbólóhùn kan tì í, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tí a ṣe àti ìdí tí a fi ṣe é. Ní ìparí 2017 mo ń wá nǹkan kan, mo sì ṣèèṣì ka ti ọmọ Kétu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àkọ́kọ́ gùn, wọ́n sì dùn ún kà: ó tún ìṣirò ọjọ́ ìsanwó ṣe torí pé oṣù Kejì kì í pé ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i wo ìlà báyìí báyìí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi àṣìṣe náà hàn án. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Àtúnṣe." Nígbà tó yá, "ok". Oṣù Kọkànlá, àmì ìdánudúró kan, tóótó kan báyìí, kò sí ohun mìíràn. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbà á wọlé ni. Ó ṣì ń dé lásìkò. Ó ṣì ń kí mi láàárọ̀. Ọ̀gá tilẹ̀ sọ fún mi pé ara ọmọ náà ti balẹ̀.

Bí ó ṣe rí lára rẹ̀ ló rí lára gbogbo wa, ọ̀nà tó gbà yọ lára kálukú ló yàtọ̀. Ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ di "Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?" Nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Dípò kí a tún ohun tó wó ṣe, a ń kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ń yípo rẹ̀, gbèsè sì ń bímọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Bouaké ò kí ara wa fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nítorí àṣìṣe kan tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ láti 2012, nígbà tí kò tíì sí èyíkéyìí nínú wa níbẹ̀. Garba tí à ń jẹ pọ̀, kálukú wá ń rà á sínú ọ̀rá, ó ń jẹ ẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Lọ́dún 2018, ọ̀gá gba obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Dakar láti máa darí wa. Tantie là ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó juni lọ ní Abidjan. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ń wò wá, kò sọ nǹkan. Lọ́jọ́ kejì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gun àkàsọ̀ wá pẹ̀lú bébà ńlá aláwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù lọ́jà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó fi rúlà fa ìlà sí i bí ìwé àwìn. Ní ìlà àkọ́kọ́: kí la yá? Èkejì: ìgbà wo? Ẹ̀kẹta: kí ló fà á? Ìkẹrin: èlé rẹ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí mélòó ló ń jẹ lọ́wọ́ wa. Ó ní kí kálukú wá kọ èyí tó mọ̀. Kò bi wá pé ta ló jẹ̀bi. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí ènìyàn mí.

Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọmọ Kétu ló kọ́kọ́ dìde. Ó kọ nọ́ńbà fóònù. Ní ìlà ẹ̀kẹta, níbi ohun tó fà á, ó kọ "ogun". Mo rí ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń kà á. Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ ìsangbèsè. Lọ́jọ́ Ẹtì a kì í ṣe ohun tuntun fún ẹnikẹ́ni, ojú owó là ń san. Ìlà 4,200 ni Caveau nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. A yọ ìṣirò ọjọ́ kúrò nínú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìṣirò àtẹ̀jíṣẹ́. Ó fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti já sí 3,100. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé inú wa dùn láti ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí gbèsè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bó ṣe wà. Onígbèsè tó rí i pé òun ń san ojú owó ti ní ọjọ́ tó ń fojú sọ́nà fún. A padà sídìí garba. Ọmọ Bouaké ra ẹja fún mi. Gbólóhùn ọmọ Kétu tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Òun náà ló mú ìwádìí kan wá kà fún wa. Terese Besker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Sweden tẹ̀lé àwọn tó ń kọ kóòdù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n ń bi wọ́n léèrè déédéé bí wọ́n ṣe lo àkókò wọn, wọ́n sì gbé e jáde ní 2018 pé 23 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò wọn ni gbèsè yìí ń jẹ. Tantie mú bírò, ó ṣírò rẹ̀ sórí bébà ara ògiri. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ó lé ní ọjọ́ kan. Ó ní ẹ wá wò ó, ọ̀gá rò pé òun ń ta wá lọ́rẹ ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ti lọ kí ó tó fún wa. Ní 2020, Besker àti àwọn kan tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde lórí ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ gan-an. Wọ́n rí i pé gbèsè tó ń dínà mọ́ ènìyàn láti parí ohun tó dáwọ́ lé ló ń rẹ̀ ẹ́ lọ́kàn, pé ibi tí wọ́n bá ti ń bójú tó gbèsè náà, ọkàn á gbé sókè. Mo ka ìyẹn nílé, èmi nìkan. Nígbà yẹn, ọjọ́ Ẹtì wa ti tán.

Báyìí ló ṣe tán. Ní 2019, oníbàárà ńlá kan dé, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, àkókò rẹ̀ kúrú. Ọ̀gá ní ká fún òun ní ọjọ́ Ẹtì fún oṣù kan. Oṣù náà di méjì, ó di mẹ́fà. Ó burú ju ti ìgbà tí a ò tíì ní in lọ, torí pé a ti mọ adùn rẹ̀. Bébà náà wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí i mọ́, eruku epo dúdú bò ó. Tantie lọ nínú oṣù Kejìlá.

Láyé àtijọ́, olówó tí sùúrù rẹ̀ bá tán a máa rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á pa adìẹ tó bá rí jẹ, kò sì ní dìde títí wọ́n á fi wá owó jáde. Ológò tiwa dé pẹ̀lú ọjọ́ lórí: 31 oṣù Kìíní 2021. ARTCI, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Côte d'Ivoire, kéde pé lọ́jọ́ náà, gbogbo nọ́ńbà á kúrò ní òǹkà mẹ́jọ, á di mẹ́wàá. Nọ́ńbà alágbèéká Orange á gba 07 síwájú, ti MTN á gba 05, ti Moov á gba 01. Wọn ò bá wa lójijì, wọ́n ti ń kéde rẹ̀ láti 2020. Àwa náà ti mọ̀ láti 2016 pé bí òǹkà kan bá lé, ilé yìí á wó.

Ọjọ́ Àìkú ni 31 oṣù Kìíní bọ́ sí. Láti òru Sátidé la ti wà ní ọ́fíìsì, gbogbo wa. A fẹ àyè mẹ́jọ sí mẹ́wàá. A lọ sí ibi mọ́kànlélógójì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń kà, ẹnì kejì ń fàmì sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi máa mọ́, ohun gbogbo ń lọ. A sùn lórí àga. Mo rántí pé ẹ̀rín pa wá díẹ̀ láàárọ̀ yẹn.

Ibì kejìlélógójì wà. Nínú Caveau, níbi ìṣirò tó máa ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan, ẹnì kan ti kọ ìlà kan: Gauche(sCode, 8). Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ mú òǹkà mẹ́jọ láti apá òsì, kó ju ìyókù nù. A ò rí i torí pé gbogbo ibi tó kù, "tel" ni wọ́n pe nọ́ńbà. Níbí, wọ́n pè é ní "code". Ẹ wò ó: tí nọ́ńbà bá ti di mẹ́wàá, tí a sì gé méjì ẹ̀yìn dànù, gbogbo ẹni tí òǹkà méjì ìkẹyìn nìkan fi yàtọ̀ síra wọn á di ẹnì kan ṣoṣo. Ta sì ni nọ́ńbà wọn máa ń sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Àwọn tí ìsọ̀ wọn kan ara wọn, tí wọ́n jọ ra káàdì fóònù lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ kan náà.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá kan gun àtẹ̀gùn wá. Aláṣọ ni ní Adjamé, ọmọ Èjìgbò bíi tèmi. Mo dìde.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ta ni àgbà yín níbí?"

Ọ̀gá ò tíì dé. Mo fún un ní àga, kò jókòó. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí iná rẹ̀ má bàa kú. Àtẹ̀jíṣẹ́ wa wà lójú rẹ̀: ó jẹ 1,340,000 owó CFA, kó wá san án. Lẹ́yìn náà ó tú ìpẹ̀kun aṣọ rẹ̀, ó yọ ìwé pélébé kan jáde. Láti ọdún tí ó ti ń lo ẹ̀rọ wa, kò yéé kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn: 85,000.

"Ọmọ mi, èmi ò jẹ gbèsè yìí."

Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé gbogbo yàrá náà ní láti dákẹ́ kí a tó gbọ́ ọ. Gbèsè aládùúgbò rẹ̀ ló já lé e lórí, ẹni tí wọ́n jọ ra káàdì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú gbogbo wọn, mo ní kó máà bínú, àṣìṣe wa ni, a ó tún un ṣe kí ó tó di alẹ́. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní kí n dìde, òun mọ̀ pé èmi kọ́.

Nígbà tí mo sìn ín dé ìsàlẹ̀, mo bá ọmọ Kétu lórí àtẹ̀gùn, ó kẹ́yìn sí ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ìyá yẹn sọ."

"Ó máa dára, à ń tún un ṣe."

"Rárá. Ohun tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ̀gá láti ọdún márùn-ún nìyẹn, n kò rí ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ ọ́. Èmi ò jẹ gbèsè yìí."

Àkáǹtì mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló dàpọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún la fi tú wọn sílẹ̀, ìwé pélébé àwọn ìyá ọjà la sì fi ṣe ẹ̀rí, torí pé èyí tó wà lọ́wọ́ wa ti bàjẹ́. Ọ̀gá bá wa jókòó lálaalẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé òun ṣì ní ìwé olójú ewé mẹ́rin yẹn nínú dúrọ́ọ̀. Mo ní mo mọ̀, ọ̀gá. Ojú rẹ̀ rẹ̀ gan-an. Mo ṣàánú rẹ̀, mo sì ń ṣàánú rẹ̀ títí di báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún ní "on va gérer" lálẹ́ yẹn, ó dun òun náà létí, kò parí rẹ̀.

Ọmọ Kétu kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù Kẹta, ó padà sílẹ̀ Benin, sí Cotonou. Ọmọ Bouaké lọ nínú oṣù Karùn-ún. Èmi lọ nínú oṣù Kẹjọ. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo tú bébà ara ògiri yẹn, mo ká a, mo gbé e sábẹ́ apá wọ gbaka. Ó wà nílé mi.

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, fóònù mi dún. Ilẹ̀ Benin ló kàn: lọ́jọ́ náà gan-an, gbogbo nọ́ńbà wọn gba 01 síwájú, mẹ́jọ di mẹ́wàá bíi tiwa. Mo ti rántí rẹ̀ láti òwúrọ̀, àyà mi ń já.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o!"

"Káàsán. Ṣé ẹ ti wà ní ọ́fíìsì láti àná ni?"

"Ọ́fíìsì kẹ̀? Ilé ni mo wà. Wákàtí kan ààbọ̀ ló gbà mí láàárọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni nọ́ńbà fóònù wà nínú kóòdù wa, mo yí i padà, mo dán an wò, mo lọ ra àkàrà."

Ó ní òun fẹ́ ka ohun kan fún mi. Gbólóhùn tó kọ ti àtúnṣe náà ni. Ó gùn. Ó sọ ohun tó yí padà, ó sọ ìdí, ó sọ ìlà tí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn òun á wò, ó tilẹ̀ kọ ọjọ́ tí Côte d'Ivoire ṣe tiwọn síbẹ̀, kó lè yé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà náà. Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

Mo ní kó tún un kà.